Ẹ̀yìn Tó Ń Dun Ọkọ Ìyàwó

Ilé wa, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí,
Ìgbó-Ọrà.
Ọjọ́ Ajé.

Tàófíìk Àkànó, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé o jí ire? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé oúnjẹ ń wọ ọ́ lẹ́nu, ṣé wọ́n ń fún yín ní iná dáadáa ní Àbújá lọ́hùn-ún? Mi ò ní bèèrè bóyá ara le, torí mo mọ̀ pé o máa ní ó le, irọ́ sì ni. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibi tí o dé yìí kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní agbede ọ̀nà. Ohun tó ń dùn ọ́ yóò fò kúrò lára rẹ bí ìrì ṣe ń fò kúrò lórí ewé ẹ̀gúsí tí oòrùn bá yọ. Ẹni tó bá ń wá ìlera rẹ yóò rí tirẹ̀ he, ẹni tí kò bá sì wá a, kí Ọlọ́run ṣáà fún un ní iṣẹ́ mìíràn ṣe. Àmín.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òjò ti ń rọ̀, bàbá rẹ ti gbin ẹ̀gúsí sí oko ọ̀nà Tápà, àgbàdo náà ti yọjú. Ìyàwó ọ̀gbẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tún ti bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ àwọn ìbejì àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìrìn rìn ni. A lọ kí i kú ewu ọmọ, ó ní àwọn tó ń kí òun yìí, kí wọ́n kúkú mú ọ̀kọ̀ọ̀kan dání lọ sílé kí òun lè sùn. Ewúrẹ́ rẹ tí o ní kí a má tà, a kò tà á, àmọ́ ó ti jẹ okùn rédíò bàbá rẹ. Rédíò ò sọ̀rọ̀ mọ́, ewúrẹ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí báyìí.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò rèé. Ní ọjọ́ Àìkú, kì í ṣe àná o, èyí tó ṣáájú rẹ̀, Mùjídàt àbúrò rẹ gbé fóònù rẹ̀ sórí àpótí nítòsí iná, ó lọ pọn omi. Fóònù náà ń tàn yòò, mo ní kí n wo ohun tó ń tàn. Ìwọ ni mo rí. Ọmọ mi, o wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìwọ àti ṣòkòtò péńpé, o dọ̀bálẹ̀ gbalaja, o gbé àyà sókè, o tún dọ̀bálẹ̀, o tún gbé àyà sókè, òógùn ń ro lára rẹ, ojú rẹ pọ́n bí ẹni tó jẹ ata, kò sì sẹ́nì kankan tó ń sọ pé kí o dìde. Mo wá ẹni tí ò ń bẹ̀ nínú fóònù náà títí, mi ò rí i. Mo rò pé fóònù ti gé e kúrò ni. Mo fi igbe ta. Mo ní kí ni ọmọ mi ṣe? Ta ni Tàófíìk ṣẹ̀ ní Àbújá?

Bàbá rẹ sáré wọlé, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò. Wọ́n ní bí ọmọ Yorùbá bá dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn tí onítọ̀hún kò dáhùn, inú ló ń bí i, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ fún báyìí léraléra tí kò dáhùn, ẹni náà kì í ṣe Yorùbá. Wọ́n ní ọ̀gá rẹ ni. Wọ́n ní bóyá o sọ kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ìjọba nù. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Dàda, ìwọ náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ bíi Bàbá Dàda ní gbogbo àdúgbò yìí. Bàbá Dàda wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní a kì í jẹ́ kí ọmọdé dá bẹ ẹ̀bẹ̀, àgbà ló gbọ́dọ̀ lọ. Àfi bí wọ́n ṣe wọ agbádá. Bàbá rẹ gbé oyin inú kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, wọ́n mú iṣu tó dára níbẹ̀ tì í, Àbújá ni wọ́n ń lọ yẹn, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ọ̀nà Ìsẹ́yìn ló yá jù. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ jáde ni Mùjídàt ti dé tòun ti garawa omi lórí. Nígbà tí a rò fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ìdajì omi fi dà sí i lára. Ó ní kò sẹ́ni tí ò ń bẹ̀, ó ní ẹsasáìsì ni, pé púṣáàpù ló ń jẹ́, pé gbogbo ayé ló ń ṣe é.

Bàbá Dàda bọ́ agbádá wọn. Inú bí wọn díẹ̀. Wọ́n ní irú ìdọ̀bálẹ̀ tó pé pérépéré báyẹn, ó dun àwọn pé kò sẹ́ni tó gbà á.

Èmi wá ní kí n pè ọ́ kí n lè fi etí ara mi gbọ́. O rántí pé mo ní kí o dìde lọ síbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti dára. Bí o ṣe fẹ́ dìde ni mo gbọ́ tí o fa èémí sínú tí o sì ké yéè bí ẹni tí àgékù igi gún lẹ́sẹ̀. O ní kò sí nǹkan. Mo ní kí ni kò sí. Àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí o tó sọ pé ẹsasáìsì yẹn ló fà ọ́ ní ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ìbàdí, pé o ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà, pé bí o bá fẹ́ sín, ògiri lo máa ń dì mú. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sín nínú ilé yìí, èmi ni mo máa ń di ògiri mú.

Mo bi Mùjídàt léèrè pé irin mélòó lo gbé. Ó ní o ò gbé irin kankan, pé ara ìwọ fúnra rẹ lò ń gbé. Mo rò ó títí, Àkànó, èmi tí mo parí gírámà, kò yé mi. Ara tí ẹsẹ̀ ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́ láìráhùn, kí ni ọwọ́ tún ń gbé e fún? Mùjídàt ní ọkùnrin kan ló wà nínú fóònù rẹ tó ń kọ́ ọ, pé òun ló ń kà á fún ọ, tó bá ní ó ku márùn-ún, márùn-ún ló kù. Ọkùnrin yìí, ṣé ó mọ̀ ọ́? Ṣé ó mọ̀ pé o ṣubú lórí igi kajú nígbà tí o wà ní pírámárì? Ṣé ó mọ̀ pé orí àga lò ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú ní ọ́fíìsì? Fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, sọ fún un pé ara rẹ ò yá, pé kí ó fún ọ ní ìsinmi díẹ̀. Bí kò bá gbà, fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, bàbá rẹ yóò pè é.

Mi ò lè jókòó lásán. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lọ́nà ọjà, nítorí Nọ́ọ̀sì Olúwayẹ́misí wà níbẹ̀, ọmọ tíṣà tó kọ́ wa ní Báólójì. Wọ́n ní ta ni aláìsàn, mo ní ó wà ní Àbújá. Wọ́n ní báwo ni àwọn ṣe fẹ́ wò ó, mo ní kí wọ́n wò mí, èmi ni mo bí i. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo sì kọ ọ́ dáadáa, mi ò fo ibì kankan. Ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ bí aláìsàn ṣe wúwo tó, mo kọ èyí tí wọ́n wọ̀n ní ọjọ́ tí mo bí ọ, torí òun nìkan ló dá mi lójú. Yẹ́misí kà á, ó wò mí, ó ní ẹni tó fúyẹ́ tó báyìí kò tíì yẹ kó máa ṣe púṣáàpù. Wọ́n wá fi nǹkan di apá mi, wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ga. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí káàdì rẹ, nítorí ìwọ lo gbé e ga.

Àmọ́ ọmọ náà gbọ́n, ó sì ní sùúrù. Mo jẹ́ kí Mùjídàt fi àwòrán rẹ hàn án nínú fóònù. Ó ní òun rí ohun tó ṣe ọ́. Ó ní nígbà tó rẹ̀ ọ́, ikùn rẹ ń rọ̀ sílẹ̀, ìbàdí ń tẹ̀ bí àárín afárá onípákó, gbogbo ìwúwo ara wá já lé ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ó ní àti pé ẹni tó ti jókòó láti ọdún tó kọjá kì í dìde lọ́jọ́ kan ṣoṣo kó fẹ́ di géńdé. Ó ní ó jọ pé iṣan ló fà, pé irú èyí máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí bíi mélòó kan, kí n má sunkún mọ́. Mo ní mi ò sunkún, òógùn ni.

Gbọ́ ohun tó ní kí o ṣe. Kí o fi ẹsasáìsì yẹn sílẹ̀ ná títí ìrora yóò fi lọ, ṣùgbọ́n kí o má wá tìtorí ẹ̀ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu, torí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an ni pé kí o sùn títí di ọjọ́ Sátidé. Ó ní bí ẹ̀yìn bá sùn jù, ṣe ló máa ń gan sí i, pé kí o máa rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé, kí o máa rìn lọ síta, kí o máa dìde lórí àga ọ́fíìsì yẹn lóòrèkóòrè kó tó rí ọ gbé mọ́lẹ̀. Ó ní kí o fi aṣọ tí a rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, lílọ́wọ́ọ́wọ́ o, kì í ṣe gbígbóná tó ń bó ara. Bí o bá fẹ́ sùn, kí o fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí o sì fi ìrọ̀rí há àárín orúnkún, tàbí kí o fẹ̀yìn lélẹ̀ kí o fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún. Bí o bá fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, orúnkún ni kí o tẹ̀, má tẹ ẹ̀yìn. Oògùn ìrora wà, àmọ́ kí o bi ẹni tó ń ta oògùn léèrè èyí tó bá ọ mu, kí o jẹun kí o tó lò ó, kí o má sì fi méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ mọ́ra torí pé o fẹ́ kó yá. Ó ní kí o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ọ́ lẹ́yìn. Ó tẹnu mọ́ èyí gan-an, bóyá ó mọ ilé wa.

Èyí tó kù yìí kò ní àwàdà nínú rárá. Ó ní bí ẹsẹ̀ rẹ bá kú tipiri tàbí kò lágbára mọ́, bí àárín itan rẹ kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá tàbí tí o kò lè dá a dúró, bí ibà bá dà pọ̀ mọ́ ọn, tàbí tí ìrora náà ń le sí i dípò kó máa dín, kí o má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́, ọsibítù ńlá ni kí o gbà lọ ní ìṣẹ́jú náà. Kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo bẹ̀ ọ́. Èmi náà kà á lẹ́ẹ̀kejì kí n tó kọ ọ́.

Ó ní bó bá ti san tán, o lè padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o kọ́kọ́ dúró máa ti ògiri ná, kó tó kan ilẹ̀. Mo ní ògiri ta ni? Mo ní ilé àyágbé ló ń gbé. Jọ̀wọ́, sọ fún onílé rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ògiri rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kọ́ ló ń gba oorun lójú mi. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìdána rẹ ní Ìdèrè. Ìwọ náà mọ ilé Làtíífàt. Ìyá àgbà wọn, ìyá tó bí bàbá Làtíífàt, ni ọkọ ìyàwó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún, kò sì gbọdọ̀ dìde àfi tí ìyá bá ṣàdúrà tán, bí ìyá bá sì gbàgbé ibi tí àwọn bá a dé, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń padà sí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n Làtíífàt, wọ́n ní ṣe ló sùn lọ síbẹ̀, àwọn ẹbí rò pé ẹ̀rù Ọlọ́run ló bà á. Mùjídàt wá jẹ́wọ́ fún mi pé ìdí nìyẹn tí o fi bẹ̀rẹ̀ ẹsasáìsì, pé o fẹ́ kí ara rẹ le dáadáa kí o lè dọ̀bálẹ̀ fún ìyá láìmì. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ de àlejò, tó wá fi ìgbálẹ̀ gún ara rẹ̀ lójú.

Kí la fẹ́ ṣe? Bí o bá dé ọ̀hún tí o dúró ṣanṣan, wọ́n á ní Àbújá ti gùn ọ́. Bí a bá sì ní ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀, kò sí ohun tó burú tó kí àna gbọ́ pé ẹ̀yìn àti ìbàdí ọkùnrin kò dá ṣáṣá kó tó gbé ìyàwó. Wọ́n á ní àrùn kan wà tí a fi pamọ́. Bàbá rẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn yóò dọ̀bálẹ̀ dípò rẹ. Mo ní kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Wọ́n ní bàbá lè ṣojú ọmọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni mo bá gbọ́ ìró nǹkan lẹ́yìnkùlé. Bàbá rẹ ti tẹ́ ẹní, wọ́n gbé fóònù Mùjídàt síwájú, wọ́n ń wo bí o ṣe ń ṣe é kí àwọn náà lè ṣe é. Èyí àkọ́kọ́, wọ́n lọ sílẹ̀. Wọn ò padà wá sókè mọ́. Mo ní ṣé kí n gbé yín, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan àwọn, pé ibẹ̀ tù àwọn. Nígbà tí mo rò fún wọn ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ọmọdé ni, wọ́n ní kí n lọ gba ìbejì àkọ́kọ́ aládùúgbò wá kí wọ́n wá tẹ àwọn lẹ́yìn. Mo ní wọ́n ní ká má ṣe é. Wọ́n ní kí n lọ gbà wọ́n wá. Táyé wà lápá kan, Kẹ́hìndé wà lápá kejì, bàbá rẹ ń ní áà, ẹ rọra. Táyé sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́hìndé jókòó pa sí àárín ẹ̀yìn bàbá rẹ, ó kọ̀, kò sọ̀ mọ́, àfìgbà tí a fi ẹ̀pà tàn án. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ni bàbá rẹ fi ń rìn, wọ́n sì ti ń lo aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí nọ́ọ̀sì ọmọdé sọ. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sọ fún ọ.

Bó ṣe di pé kò sí ẹni tó lè dọ̀bálẹ̀ mọ́ nínú ilé wa nìyẹn. Àná ni mo bá gun ọ̀kadà, mo kọrí sí Ìdèrè fúnra mi. Mo sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra níbi tí kòtò bá wà, torí ìdílé wa ò ní ẹ̀yìn mìíràn tí a lè fi ṣòfò.

Bàbá Làtíífàt kò sí nílé, ìyá àgbà ni mo bá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Irọ́ tí mo tò sẹ́nu láti ilé wá ni pé ọ̀gá rẹ ò fẹ́ fún ọ láyè, pé o lè pẹ́ dé, pé kí wọ́n jẹ́ ká ṣe é ní kíákíá. Mo kúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbójú sókè tí wọ́n wò mí báyìí, irọ́ sá padà wọlé, òótọ́ ló jáde. Wọ́n ní ṣé oko lo ti fi ẹ̀yìn pa, mo ní rárá. Wọ́n ní ṣé ẹrù lo gbé, mo ní rárá, ara rẹ lo gbé. Wọ́n gbé ẹ̀gúsí ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ibo lò ń gbé e lọ. Mo ní kò síbì kankan, ojú kan náà ni. Wọ́n ní ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní Ìyá, ẹ̀yin ni, mo sì sọ ìyókù, pé o gbọ́ pé àdúrà wọn ń gùn, pé o ò fẹ́ kí ara rẹ máa gbọ̀n níwájú wọn bí ẹni tó ń kánjú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìborùn wọn fi bọ́ sínú ẹ̀gúsí. Wọ́n wá ń nu ojú, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ni tàbí nǹkan mìíràn. Wọ́n ní àwọn ọkọ tó ti dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn pọ̀, tí wọ́n ń yọjú wo aago lábẹ́ àyà, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì rí ẹni tó fi ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rí. Wọ́n ní kí o máa bọ̀. Kí o dúró, kí o tẹrí ba bí ó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí o sì jókòó sórí àga bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni nínú ilé àwọn tó bá yọ ṣùtì sí ọ, kó wá rí àwọn. Bí ẹ̀yìn bá wá san pátápátá, kí o wá lọ́jọ́ tí kò sí ìpàdé, tí kò sẹ́ni tó ń wò, kí o wá dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní àyà rẹ ò ní tíì kan ilẹ̀ tí àwọn á ti ní kí o dìde. Mo ní ṣé àdúrà ti Sátidé máa wá dín díẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní kò ní dín o, pé èmi ni kí n kúnlẹ̀ gbà á dípò rẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò níbẹ̀ yẹn. Orúnkún mi ni mo ń fi òrí pa bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Làtíífàt ló sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé òun ti mọ̀. Ó ní ọjọ́ tó fà ọ́ gan-an lo ti pe òun, o sì ní kí òun má sọ fún mi kí àyà mi má baà já. Ó ní òun ló ní kí o máa fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún, òun ló ń pè ọ́ ní ọ̀sán kí o lè dìde lórí àga. Gbogbo ohun tí mo jẹ́ kí wọ́n di apá mi nítorí rẹ̀, ọmọ yìí ti sọ ọ́ fún ọ kí n tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọ́. Bí ẹ̀gún bá gún ọ lẹ́sẹ̀ nígbà kan, orúkọ mi lo máa ń ké láti oko wálé. Ó dùn mí, Àkànó, mi ò ní purọ́. Mo gun ọ̀kadà, mo ń rò ó títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé. Ìgbà náà ni mo wá rántí pé láti ọjọ́ tí o ti lọ sí Àbújá ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún ọ ní ẹni tí wàá lè fi ibi tó ń dùn ọ́ hàn. Ó ti gbà á. Èmi ni kò kàn tíì sọ fún.

Nítorí náà, Ọjọ́ Ẹtì ni kí o wá, má fi di àárọ̀ Sátidé. Sọ fún dírébà pé kó máa dúró kí o lè sọ̀ rìn díẹ̀, bí ó bá kanra, sọ fún un pé ìyá rẹ ló ní bẹ́ẹ̀. Má gbé báàgì fúnra rẹ. Ra róòbù tó mú dáadáa fún bàbá rẹ, kí o ní o kàn rà á ni. Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún èlò ìdána tó kù àti oògùn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, àmọ́ má fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pín in sí méjì kí ó má baà wúwo fún ọ. Mùjídàt ní òun máa fi fóònù ya lẹ́tà yìí, òun á sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kó ká a dáadáa ná kí wọ́n má baà kà á lọ́nà, ó ní bí òun bá ká a, kò ní ṣeé yà. Bí ẹlòmíràn bá kà á, kó bá mi ṣe àmín.

Ọlọ́run yóò tún ẹ̀yìn rẹ ṣe, yóò fi ọ̀nà tó dára mú ọ dé. Làtíífàt kò ní pàdánù rẹ, ìwọ náà kò ní pàdánù rẹ̀. Bó ṣe ń gbọ́ tìrẹ yìí, kí Ọlọ́run fún ọ ní etí tí wàá máa fi gbọ́ tirẹ̀, kí o má dúró dìgbà tó bá sunkún. Obìnrin náà ní ẹ̀yìn, ọmọ mi, àwọn ọmọ yín sì ń bọ̀ wá gùn ún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.